Ọwọ́, imú, ojú tàbí ohùn: èwo lẹ fẹ́ fi darí kọ̀ǹpútà yín?

Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń kú tipiri. Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Ajílọ́sun, ní Adó-Èkìtì: ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ilé-ìwé, ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọjọ́ ti lọ mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ yìí á bá mi jẹ́rìí pé kíbọọ̀dù kọ́ ló ń jẹ ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀, máòsì ni. Nígbà tó yá, ọrùn ọwọ́ náà ò jẹ́ kí n sùn lóru mọ́. Àsìkò yẹn kan náà ni ọwọ́ bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìkẹ́rẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó fi di pé wọn ò lè fi máòsì ṣí lẹ́tà tí àwọn ọmọ wọn ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Bí èmi àti wọn ṣe di ẹni tó ń dán ẹ̀rọ wò nìyẹn.

A ti fi ọwọ́, imú, ojú àti ohùn lé ọfà kiri ojú kọ̀ǹpútà. Kí n tó máa fi wọ́n wéra, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ náwó: kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí kì í ṣì. Mo bi ẹni tó ta ẹ̀rọ fún mi bóyá ó máa ń lọ síbi téèyàn bá fẹ́ gan-an. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Èmi ni mi ò béèrè ohun tó yẹ kí n béèrè: tó bá ṣì, báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe? Ìbéèrè yìí ni òṣùwọ̀n mi nínú gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Báwo ni ìṣìnà náà ṣe tó?

Láptọ́ọ̀pù ínǹṣì 15.6 tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, ojú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 34.5. Àmì X tí a fi ń pa fèrèsé dé, lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan, gíga rẹ̀ ò sì tó bẹ́ẹ̀. Ìlà ọ̀rọ̀ téèyàn lè tẹ̀ nínú ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdajì sẹ̀ǹtímítà ni gíga rẹ̀, nígbà míì kò tó.

Ní 1954, Paul Fitts, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ìṣe ẹ̀dá, fi ìṣirò gbé e kalẹ̀ pé bí ibi tí ọwọ́ ń lọ bá ṣe jìnnà sí i, tó sì kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pẹ́ sí i kó tó bà á. Ẹni tó bá ti ju òkò sí máńgòrò rí mọ èyí láìka ìwé. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì la fi lè ran ọwọ́ tó ń ṣì lọ́wọ́: ká sọ ibi tó ń lọ di ńlá, tàbí ká gbé e sún mọ́ ọn. Gbogbo ọgbọ́n tí mo máa dárúkọ, ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni wọ́n ń dá, àfi àwọn tó ní ká má tiẹ̀ na ọwọ́ síbẹ̀ rárá.

Ti ojú tún yàtọ̀. Ẹ na apá yín gbọọrọ síwájú, kí ẹ gbé àtàǹpàkò sókè. Ìbú àtàǹpàkò yẹn tó bíi dígírì méjì lójú yín, àárín ojú tí a fi ń ríran kedere ò sì fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ohun tó bá ti bọ́ sábẹ́ àtàǹpàkò yẹn ti hàn ná, nítorí náà ojú ò rí ìdí tó fi yẹ kó dúró gan-an sórí rẹ̀. Ó ń fò kiri bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá tiẹ̀ balẹ̀ síbì kan, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó ni ín ò sì ní mọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń tọ ojú lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní eye tracker, tí èmi á máa pè ní ẹ̀rọ ojú, máa ń tan iná kan tí a kì í rí sí ẹyinjú, á wá fi kámẹ́rà wo bí iná yẹn ṣe ń dán lára ẹyinjú àti ibi tí ọmọlójú wà. Èyí tó dáa nínú wọn ń ṣì ní ìdajì dígírì sí dígírì kan. Fún ẹni tó jókòó ní sẹ̀ǹtímítà 65 sí kọ̀ǹpútà, dígírì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.1. Ẹ fi wé àmì X yẹn. Owó tabua ò sì lè mú ìṣìnà tó kù kúrò, torí ojú fúnra rẹ̀ ni kì í dúró.

Ẹ kọ́kọ́ lo ohun tó wà nílé

Níbí, kọ́bọ̀ ò tíì jáde lápò. Nínú Windows, ẹ gbé ìtóbi ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà láti 100 lọ sí 150 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú búráúsà, ẹ di Ctrl mú kí ẹ máa tẹ àmì ìròpọ̀ títí ìlà ọ̀rọ̀ á fi tó ẹ̀yin náà. Ó máa jọ ìwé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ṣùgbọ́n ọwọ́ á bà á.

Ohun kan wà nínú ètò máòsì tí wọ́n kọ Enhance pointer precision sí. Orúkọ rẹ̀ dùn létí. Ohun tó ń ṣe ni pé bí ọwọ́ bá yára, ọfà á sáré ju bí ọwọ́ ṣe rìn lọ. Ọwọ́ tó le gan, tí kò lè rìn jìnnà, á jàǹfààní rẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ńkọ́? Gbogbo jìnnìjìnnì rẹ̀ ló máa di eré. Mo pa á fún bàbá mi, mo dín eré ọfà kù, ọjọ́ yẹn sì ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó ṣí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Mouse Keys. Ẹ tẹ Alt òsì, Shift òsì àti Num Lock pa pọ̀, ẹ gbà fún un, nọ́ńbà apá ọ̀tún kíbọọ̀dù á di ẹsẹ̀ ọfà: 8 gbé e lọ sókè, 2 gbé e wá sísàlẹ̀, 4 òsì, 6 ọ̀tún, 5 tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà 0 ń dì í mú bíi pé ìka wà lórí máòsì, ààmì ìdánudúró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń tú u sílẹ̀. Ó lọ́ra bí ìgbín. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá fi ọfà sí, ibẹ̀ ni ẹ ó bá a, kódà bí ọwọ́ ń gbọ̀n bí ewé. Láptọ́ọ̀pù tí kò ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lè ra nọ́ńbà nìkan tó ń lo USB, kò wọ́n.

Ta ló tiẹ̀ ní dandan ni kéèyàn tẹ X? Alt àti F4 ń pa fèrèsé dé. Bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú 1 dé 9 ń ṣí ohun tí ẹ tò sí ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Nínú Chrome àti Firefox, ohun ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Vimium: ẹ tẹ f, lẹ́tà kéékèèké á yọ lára gbogbo ìlà tó ṣeé tẹ̀, ẹ ó wá tẹ lẹ́tà èyí tí ẹ fẹ́. Lọ́jọ́ tí mo mọ èyí, inú bí mi sí ara mi. Ọdún mélòó ni mo fi ń na ọwọ́ sí ohun tí n kò gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sí?

Máòsì àti bọ́ọ̀lù

Ẹ wo ìka yín dáadáa nígbà míì tí ẹ bá ń tẹ máòsì. Ìka tó ń tẹ̀ ẹ́ náà ló ń tì í. Ẹ̀yin lẹ gbé ọfà dé orí nǹkan, àsìkò tó yẹ kó dúró gan-an ló ń kúrò níbẹ̀. Ara líle ò mọ̀ ọ́n lára. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló mọ̀ ọ́n.

Trackball ò ní wàhálà yìí, torí ẹ̀rọ náà jókòó jẹ́jẹ́, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ nìkan ló ń yí. Bàbá mi máa ń yí i, wọ́n á gbé ọwọ́ kúrò pátápátá, wọ́n á mí, wọ́n á wá fi ọwọ́ kejì tẹ bọ́tìnnì. Ọfà ò ní mira. Ohun tí máòsì fi jù ú lọ ni fífa nǹkan láti ibì kan lọ síbòmíì: kéèyàn di bọ́tìnnì mú kó tún máa yí bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ ni. ClickLock inú ètò máòsì Windows ń gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ́ díẹ̀, ó dì mú fúnra rẹ̀.

Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí àtàǹpàkò ń yí ló kún ìgboro, òun ni mo sì kọ́kọ́ rà; kò pẹ́ tí àtàǹpàkò náà fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tirẹ̀. Èyí tí ìka mẹ́ta ń yí, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ tóbi, tó wà láàárín, ni mo wá gbà, òun ni mo sì ń fi ṣiṣẹ́ lónìí. Tó bá di àsìkò ọyẹ́, eruku máa ń di kùkùté lábẹ́ bọ́ọ̀lù, ọfà á máa fò. Ẹ yọ bọ́ọ̀lù, ẹ fi òwú nu àwọn ẹsẹ̀ kékeré tó jókòó lé. Mo ti rí ẹni tó ju tirẹ̀ nù nítorí èyí nìkan.

Imú àti ojú

Ibí ni àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe jù, torí orúkọ ojú ló ń wu wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú imú ná. Sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ méjì ni mo lò: Camera Mouse, tó wá láti Boston College ní Amẹ́ríkà, àti eViacam, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Linux. Kámẹ́rà láptọ́ọ̀pù lásán ni wọ́n ń lò. Ẹ yí imú sí ọ̀tún, ọfà lọ sí ọ̀tún. Ẹ dúró díẹ̀ lórí nǹkan, ó ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ìyàwó mi ní mo jọ ewúrẹ́ tó ń gbóòórùn èèpo iṣu. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àǹfààní ibẹ̀: ojú wà lómìnira. Imú ń ti ọfà, ojú ń wò ó. Tí ọfà bá kọjá, ẹ rí i, ẹ fà á padà. Ìṣìnà wà, àtúnṣe rẹ̀ sì wà nínú ìrìn kan náà.

Ojú ò ní irú oore-ọ̀fẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí mo gbé ẹ̀rọ ojú dé Ìkẹ́rẹ́, mo kọ́kọ́ fi ojú bàbá mi mọ ẹ̀rọ náà: àmì róbótó kan á yọ síbì kan, wọ́n á wò ó, á lọ síbòmíì, wọ́n á tún wò ó. Ẹ̀rọ ní ó dáa. Mo ní:

“Bàbá, ẹ wo X yẹn.”

Wọ́n wò ó. Ọfà dúró sí apá òsì rẹ̀, bí ìbú ìka kan.

“Kò tíì débẹ̀, sà. Ẹ tún wò ó.”

“Òun náà ni mò ń wò. Ọfà yẹn ni kò wò ó.”

Wọ́n wá wo ọfà fúnra rẹ̀, láti mọ ohun tó ń ṣe é. Bí ojú wọn ṣe kàn án, ó sún sí òsì. Wọ́n tẹ̀ lé e. Ó tún sún. Kí n tó sọ pé kí ló dé, ọfà ti rìn láti ọ̀tún kọ̀ǹpútà dé òsì, bí adìẹ tí wọ́n ń lé kiri àgbàlá. Bàbá mi yọ gíláàsì wọn, wọ́n ní kí n gbé nǹkan mi máa lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yéni. Tí ẹ̀rọ bá ń ṣì ní ìbú ìka kan sí òsì, ìgbàkígbà tí ẹ bá wo ọfà, ọfà á lọ dúró ní ìbú ìka kan sí òsì ibi tí ẹ ń wò. Ẹ ò ní bá a láé. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ lo ojú ni kí n pa ọfà náà rẹ́, kó má rí i rárá. Kó wo nǹkan tó fẹ́, kó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún sọ́fúwíà.

Igun ojú kọ̀ǹpútà tún fi ìyàtọ̀ hàn. Fún máòsì, bọ́ọ̀lù àti imú, igun ló rọrùn jù: ẹ ti ọfà síbẹ̀ bó ṣe wù yín, kò lè já sílẹ̀, ògiri á dá a dúró. Fún ojú, igun àti etí ni ìṣìnà ti ń pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kó X sí.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, kámẹ́rà tó ń wo imú á sọ imú nù. Ẹ̀rọ ojú gbé iná tirẹ̀ dání, ó ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn biribiri. Ọ̀tá tirẹ̀ ni oòrùn, torí irú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń tan ń bẹ nínú oòrùn yamùrá. Párílọ̀ bàbá mi ní fèrèsé kan tó kọjú sí Òkè Olóṣùnta. Bí ìtànṣán bá ti gba ibẹ̀ wọlé bà wọ́n lójú, ẹ̀rọ á ní òun ò rí ojú kankan. Àga náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Àga tìmùtìmù ń rì díẹ̀díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń jókòó pẹ́, ojú á kúrò níbi tí ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n sí. Àga ònírọ́bà kò rí bẹ́ẹ̀. Gíláàsì alápá méjì, tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán àti ìwé, máa ń dà á láàmú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìpéǹpéjú tó ti rọ̀ bo ọmọlójú. Imú ò ka ìkankan nínú wọn sí. Ohun tí imú ń jẹ ni ọrùn: lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ó mọ̀ pé orí wúwo.

Ohun kan ṣì kù tó burú jù lọ. Ojú la fi ń wo ọbẹ̀, ọwọ́ la fi ń bù ú. Tí ẹ bá ní kí ojú máa ṣe méjèèjì, gbogbo ohun tí ẹ bá wò pẹ́ ni kọ̀ǹpútà á tẹ̀. Bàbá mi dúró ka àkọlé ìròyìn kan, àkọlé náà ṣí. Wọ́n ní, “Mò ń kà á ni, ta ló ní kó ṣí i?” Ẹ lè sọ iye àkókò tí ojú gbọ́dọ̀ dúró kó tó di títẹ̀, láti nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó kúrú jù, gbogbo nǹkan ń ṣí. Ó gùn jù, ojú á máa ta yín. Bí ìka kan ṣoṣo bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ìka yẹn máa tẹ̀ ẹ́, kí ojú máa wò nìkan.

Ohun tó ń mú ojú ṣeé lò

Ẹni tó bá ń ra ẹ̀rọ ojú, sọ́fúwíà tó máa bá a lọ ló yẹ kó kọ́kọ́ yàn. Ìmọ̀ràn yìí ni mi ò rí ẹni fún mi.

Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù ni wíwò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wà nínú sọ́fúwíà kan tó ń jẹ́ Talon, tó ń bá àwọn ẹ̀rọ ojú Tobii ti ilẹ̀ Sweden ṣiṣẹ́. Ẹ wo nǹkan, ẹ fi ètè ṣe “pọ̀”. Agbègbè tí ẹ ń wò á wú, á tóbi. Ẹ tún wo nǹkan náà nínú títóbi yẹn, ẹ tún ṣe “pọ̀”, ó ti tẹ̀ ẹ́. Ìṣìnà sẹ̀ǹtímítà kan ò já mọ́ nǹkan mọ́ nígbà tí X bá ti fẹ̀ tó ọ̀pọ̀ sẹ̀ǹtímítà. Ó fi ìgbésẹ̀ kan pẹ́ ju máòsì lọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí eré adìẹ.

Ọgbọ́n kejì ni ká pín iṣẹ́: ojú gbé ọfà fò dé agbègbè, ohun mìíràn mú un dé ibẹ̀ gan-an. Ní 1999, Shumin Zhai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM kọ nípa rẹ̀ pé kí ojú ju ọfà sítòsí, kí ọwọ́ parí rẹ̀. Talon náà lè fi ojú àti orí ṣe é. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń dùn ún ṣùgbọ́n tó ṣì ń lò ó, bíi tèmi, èyí ló mọ́gbọ́n wá jù: ìrìn gígùn ló ń pa ọrùn ọwọ́, ojú ti gbà á ṣe.

Windows fúnra rẹ̀ ní Eye Control láti 2017. Ẹ ó kọ́kọ́ yan irinṣẹ́ nínú àpótí kan, ẹ ó wo ibi tí ẹ ń lọ, ẹ ó wá fi àwọn ọfà kéékèèké sún un díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó gbà pé kó tẹ̀ ẹ́. Kò lè ṣèèṣì tẹ nǹkan, ṣùgbọ́n ó fẹ́ sùúrù ẹni tó ń ṣa ẹ̀kùrọ́. Apple gba ọ̀nà míì nínú iOS 18, ní 2024: kámẹ́rà iwájú fóònù, láti iPhone 12 lọ, ń wo ojú, bí ojú bá sì ti sún mọ́ bọ́tìnnì, ọfà á fò lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó dùn lójú ewé tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò pọ̀. Níbi tí wọ́n kó bọ́tìnnì mẹ́wàá jọ bí èso àgbàdo, ó ń lẹ̀ mọ́ èyí tí kò kàn yín.

Kíkọ̀wé ńkọ́? Optikey jẹ́ ọ̀fẹ́, ó wà fún Windows, kíbọọ̀dù rẹ̀ gba gbogbo ìbú kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan tóbi ju ìṣìnà ojú lọ, ó sì ń dábàá ọ̀rọ̀. Dasher, tó jáde láti ọwọ́ David MacKay àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Cambridge, kò ní bọ́tìnnì rárá. Lẹ́tà ń ṣàn bọ̀ láti ọ̀tún, èyí tó ṣeé ṣe kó kàn ló ń tóbi jù, ẹ̀yin kàn ń wo ọ̀nà bíi ẹni ń wa mọ́tò. Bí ẹ bá yà síbi tí kò yẹ, ẹ ó yí padà. Ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ láti inú àkọsílẹ̀ tí ẹ bá fún un, láìka èdè sí. Mo fún un ní àwọn ìwé Yorùbá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, láìfi àmì ohùn sí i. Ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí mo bá ti kọ “s”, “sun re o” ló ń gbé wá. Mo lọ wá àkọsílẹ̀ míì.

Ohùn

Voice Access, ètò tó ń jẹ́ kéèyàn fi ẹnu pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, wà nínú Windows 11 láti 2022, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ti gba èdè rẹ̀ sílẹ̀ tán. Ẹ ní “show numbers”, nọ́ńbà á yọ lára gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀, ẹ ó pe èyí tí ẹ fẹ́. Ìṣìnà ti kúrò ńlẹ̀, torí ẹ ò na nǹkan kan síbì kankan. Ibi tí nọ́ńbà ò bá yọ sí, ẹ ní “show grid”: ojú kọ̀ǹpútà á pín sí mẹ́sàn-án. Ẹ pe ọ̀kan, òun náà á pín sí mẹ́sàn-án. Lójú láptọ́ọ̀pù 15.6, lẹ́yìn ìpè kẹta, ìbú tó kù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.3, lẹ́yìn ìkẹrin, kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Kò sí ojú kankan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àléébù rẹ̀ méjì. Kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá a wí, Gẹ̀ẹ́sì òyìnbó ló sì mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá mi fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ. Wọ́n pe “three” lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀rọ ń mú “tree”. Wọ́n bínú sí i bí wọ́n ṣe ń bínú sí ọmọ kíláàsì tí kò gbọ́ràn. Èkejì ni ariwo: níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀rọ ìlọta kan wà, jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta sì yí i ká. Nínú ilé tó dákẹ́, ohùn ju ojú lọ fíìfíì. Ní Ajílọ́sun lọ́jọ́ ọjà, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ti fóònù Android, díẹ̀ ni. Láti Android 12, ẹ lè fi ẹ̀rín, gbígbé irun òkè ojú sókè tàbí wíwo ẹ̀gbẹ́ ṣe bọ́tìnnì nínú Switch Access, ètò inú fóònù fún ẹni tí kò lè fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Fóònù fúnra rẹ̀ á máa tanná sí nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rẹ́rìn-ín nígbà tó bá kan èyí tí ẹ fẹ́. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣì.

Kí ta ni mú èwo?

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ṣùgbọ́n tó ń gbéra: ìtóbi 150, ọfà tó lọ́ra, bọ́ọ̀lù ńlá, Mouse Keys. Ẹ má ra ẹ̀rọ ojú fún un. Ọwọ́ tó ń dùn nítorí iṣẹ́: ẹ fi bọ́tìnnì kíbọọ̀dù rọ́pò máòsì níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ẹ fi bọ́ọ̀lù ṣe ìyókù, bí owó bá wà, ojú pẹ̀lú ọwọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ọrùn rẹ̀ ń yí: imú ni kó kọ́kọ́ gbìyànjú, torí kò ní ná an ní nǹkan kan, kó sì fi ohùn kún un bí ilé bá dákẹ́. Ẹ̀rọ ojú wà fún ẹni tí ojú nìkan kù fún.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹ̀rọ ojú, ẹ jókòó sídìí rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì ẹni tó máa lò ó. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ dìde, ẹ lọ mu omi, ẹ padà jókòó, ẹ tún wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ìṣìnà bá ti yí padà pátápátá, ẹ ó máa tún un ṣe lójoojúmọ́, kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ẹni tó ń tà á tí kò bá jẹ́ kí ẹ dìde kí ẹ tún jókòó, ẹ bá tiyín lọ.

Tèmi yẹn kò ṣòfò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kan wà ní Ìyìn-Èkìtì tí jàǹbá ọ̀kadà gba ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ ojú náà fún un pẹ̀lú Optikey, mo pa ọfà rẹ́, mo fi àkókò ìdúró sí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ̀ ọ́n lò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ojú rẹ̀ nù, ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù pé ó ti bàjẹ́. Mo ṣì ń ronú ohun tí mo máa sọ nígbà tí wọ́n ní ó ti tún rí i, ó ń kọ nǹkan. Mo ní kí wọ́n kà á fún mi. “Mama, e gbe aga mi kuro loju oorun.”